Bí compiler inú Mac ṣe lè lo OpenMP

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fi èdè C kọ ètò kan tó ń ṣe ìṣirò lórí nọ́ńbà rẹpẹtẹ, mo sì fẹ́ kí gbogbo core (àwọn ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ nínú processor) tó wà nínú Mac mi jọ pín iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí mo fi -fopenmp, tó ń tan OpenMP (ìlànà tó ń pín iṣẹ́ ètò kan fún core púpọ̀), sínú àṣẹ, compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) kọ̀ ọ́, ó ní "unsupported option '-fopenmp'". Mo yọ ọ́ kúrò, ètò náà sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe jáde gan-an. Clang tí Apple ń ṣe ni compiler tó ń bá Mac wá, bí ẹ bá sì tẹ gcc pàápàá, òun náà ni yóò dáhùn. Clang yìí lóye OpenMP, ṣùgbọ́n Apple ti ẹnu ọ̀nà tí -fopenmp máa ń gbà wọlé pa, wọn kò sì kó fáìlì omp.h àti library libomp tí OpenMP nílò mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ti ní Homebrew (ètò tí a fi ń gba software sórí Mac), ẹ tẹ brew install libomp. Lórí Mac tó ń lo processor Apple, inú /opt/homebrew/opt/libomp ni yóò wà; lórí èyí tó ń lo Intel, /usr/local/opt/libomp ni. Compiler kì í wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ júwe ọ̀nà fún un (isiro.c dúró fún fáìlì ètò yín):

clang -Xpreprocessor -fopenmp -I/opt/homebrew/opt/libomp/include -L/opt/homebrew/opt/libomp/lib -lomp isiro.c -o isiro

Ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí àárín -Xpreprocessor àti -fopenmp, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e gan-an ni ó ń gbé kọjá. Bí ó bá ní òun kò rí omp.h, ẹ yẹ -I, tó ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì náà wà, wò. Bí ẹ bá sì rí ___kmpc_fork_call nínú àṣìṣe, -lomp ni kò sí níbẹ̀.

Ní ti ètò yín tó ṣiṣẹ́ láìyára, nígbà tí ẹ yọ -fopenmp, ńṣe ni compiler fo gbogbo ìlà #pragma omp, tó ń sọ ibi tí a ó ti pín iṣẹ́, bí ẹni pé ẹ kò kọ wọ́n, tí core kan ṣoṣo sì dá iṣẹ́ náà ṣe. Láti mọ̀ dájú, ẹ pe omp_get_num_threads(), tó ń sọ iye thread (àwọn ọ̀wọ́ iṣẹ́ inú ètò kan tó lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà), láàárín apá tí ẹ fi #pragma omp parallel bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tẹ èsì rẹ̀ jáde. Mo tẹnu mọ́ "láàárín", nítorí pé níta, 1 ni yóò máa sọ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi OMP_NUM_THREADS=1, tó ń sọ iye thread tí ètò yóò lò, ṣáájú ./isiro, kí ẹ tún fi 4 ṣe é, kí ẹ sì fi àkókò méjèèjì wéra.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ ni àpapọ̀ tí ẹ ń kó jọ nínú loop (apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ ní àṣetúnṣe). Bí thread méjì bá ka iye kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálùkù fi tirẹ̀ kún un, èyí tó kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn yóò pa ti ìkejì rẹ́, èsì yóò sì máa yàtọ̀ bí ẹ bá ṣe ń ṣe é sí, láìsí àṣìṣe kankan tí yóò kìlọ̀ fún yín. Ìlà tó yẹ kó wà lórí loop bẹ́ẹ̀ ni #pragma omp parallel for reduction(+:apapo), èyí tó ń fún thread kọ̀ọ̀kan ní apapo tirẹ̀, tó sì ń ro gbogbo wọn pọ̀ níkẹyìn.