Fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn nítorí ebè kíkọ

Àbúrò mi tó béèrè láti Oǹdó, o kú iṣẹ́ o. O ní o ti lé ní 50 ọdún, pé bó o bá kọ ebè lónìí, dídìde lórí ibùsùn lọ́la di ogun, o wá ń béèrè bóyá kó o kúkú fa oko lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Èmi ti lé ní 60, apá Àkúrẹ́ níbí, lọ́nà Ìdànrè, ni mo ti ń dáko. Má fi oko sílẹ̀ o.

Gbogbo ayé ló ń sọ pé agbára ló ń tán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá mú mi bínú, mo ṣì lè bá ọmọ ọgbọ̀n ọdún kọ ebè títí oòrùn á fi ga. Ọjọ́ kejì ni ìyà rẹ̀ wà. Nígbà tí mo ṣì le, oorun òru kan ti tó láti tún ara ṣe. Ní báyìí, iṣẹ́ ọjọ́ kan dà bí owó èlé, mò ń san án lọ ni. Torí náà, kí n tó kúrò nílé láàárọ̀, ohun tí mò ń rò ni bóyá ara á lè padà sóko lọ́la. Iye ebè kò sí lọ́kàn mi mọ́.

Àáró ló dùn mí jù láti fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ni gbogbo wa, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, kò sówó níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọ́n ń dúró dè mí ní ìparí poro. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa fi àdá gún ilẹ̀, wọ́n á máa wojú ọ̀run. Mo yọ ara mi. Àáró wà fún àwọn tí agbára wọn sún mọ́ra. Bí tìrẹ bá ti wálẹ̀, òógùn ẹlòmíràn lò ń jẹ. Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: wàá se oúnjẹ, wàá wá ẹmu, àwọn èèyàn á sì ṣe é fún ọ láìretí kó o san án padà. Ṣùgbọ́n ta ló kù tó ń bẹ ọ̀wẹ̀? Nígbà tiwa, èmi àtàwọn àna bíi tèmi la jọ máa ń lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko bàbá ìyàwó wa. Ọkọ ọmọ tèmi wà ní Èkó, owó ló ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo ń gbà á, mo sì fi ń gba lébìrà.

Lórí lébìrà, gbọ́ èyí dáadáa. Ilẹ̀ ṣíṣán àti ebè kíkọ, fún wọn ní àgbàṣe, kí o bá wọn dá owó iṣẹ́ náà lódindi. Oko tí kòkó kékeré bá wà, ìyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ojúmọ́, kí o máa san owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba àgbàṣe ń sáré, àdá rẹ̀ kò sì mọ ọmọ kòkó yàtọ̀ sí koríko. Èmi fúnra mi ló ń kọ́kọ́ tu ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wọ oko. Mo máa ń gbé àpótí kékeré lọ jókòó ṣe é. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ohun tí màá fẹ́ kó o ṣe báyìí tí ẹsẹ̀ ṣì le ni kó o gbin ohun tí kò ní béèrè ebè lọ́dọọdún. Iṣu kò mọ̀ pé o ti dàgbà, ọdọọdún ló máa béèrè ebè tuntun. Gbin kòkó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ṣíji bò ó, wàá sì máa gé e tà. Nígbà tí ewé àwọn igi kòkó bá pàdé lókè, koríko á dín kù gan-an. Ó lè gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó o dúró di 60. Máa rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kó má ga jù, kí ọwọ́ rẹ lè tó èso. Fọ́ kòkó lóko, má ru èèpo rẹ̀ wálé. Fífọ́ rẹ̀, fífi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, yíyí i padà àti sísá a, iṣẹ́ àgbà ni gbogbo ìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni kòkó ti ń dára tàbí bàjẹ́.

Wọ́n á sọ fún ọ pé oògùn apakoríko dín iṣẹ́ kù. Òótọ́ ni, àmọ́ tánkì ẹ̀yìn tó ń gba lítà 16, omi inú rẹ̀ nìkan ti tó kílò 16. Má bu ju ìdajì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní paraquat wá, dá a padà. Àjọ NAFDAC tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ti fòfin dè é láti oṣù January 2024, díẹ̀ lẹ́nu lè pa èèyàn, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Bákan náà ni àwọn ọmọ tó ń gbé tramadol, oògùn ìrora, mì kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, má bá wọn dé ibẹ̀.

Ìyókù ò pọ̀. Jáde ní kùtù, kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó mú. Hú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ gbígbẹ ló ń já èèyàn nídìí. Kí okadà máa gbé ẹrù wálé. Ṣùgbọ́n bí ìrora ẹ̀yìn yẹn bá ń bá itan lọ sí ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ọ̀rọ̀ ebè kọ́ nìyẹn mọ́. Lọ rí dókítà kó o tó ra irúgbìn iṣu èyíkéyìí.