Ìbéèrè yín, ìdáhùn mi: igi tútù, àbàtà dúdú àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní England ni gbogbo wọn ti wá. Nígbà tí mo kà wọ́n tán, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bi mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé wa àti ti aládùúgbò wa fara kanra. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ni wọ́n ti ń dáná igi nínú pálọ̀ wọn lálaalẹ́. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ mi ọkùnrin, ó sì ní ikọ́ fée. Tí a bá ṣí fèrèsé díẹ̀ báyìí, èéfín á wọlé, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ títí di òru. Mi ò fẹ́ bá wọn jà. Ṣé òfin kan tiẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ yìí? (Ìyá ọmọ, Leeds)

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà.

Òfin wà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ẹni tó bá ń ta igi ìdáná ní England, tí igi náà kò tó kúbíìkì mítà méjì, gbọ́dọ̀ rí i dájú pé omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àmì «Ready to Burn» ni ẹ ó rí lára àpò igi tó bá òfin mu. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fòfin de èédú ilẹ̀ tí wọ́n máa ń dì sínú àpò fún ìdáná ilé. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n de èyí tí wọn kì í dì sápò náà.

Igi tútù kì í jó, ṣe ló máa ń rú èéfín. Omi inú igi ni iná máa ń kọ́kọ́ bá jà kó tó ráyè igi fúnra rẹ̀, ohun tí kò bá sì jó tán á gba orí ilé jáde sójú àwọn ẹlòmíì. Ẹnì kan ta igi fún èmi náà rí, ó búra pé ó ti gbẹ. Nígbà tí mo la ọ̀kan sí méjì tí mo sì ki ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi bọ àárín rẹ̀, 34 ló kọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn igi ni mo ki í bọ̀ ni, ì bá tàn mí, nítorí ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbá igi méjì mọ́ra wọn kí n tó sanwó. Igi tó gbẹ á ró kọ́ọ́. Èyí tó tutù á dún gbì.

Èyí tó burú jù nínú èéfín náà kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Ẹ̀rún kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PM2.5. Ẹ ó to nǹkan bí ọgbọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo. Imú kò lè sẹ́ ẹ, ikọ́ kò lè hú u jáde. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà, òmíràn sì ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Ní ilẹ̀ Britain, ìdáná inú ilé ń tú u sáfẹ́fẹ́ ju bí èéfín ọkọ̀ ṣe ń tú u lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dáná igi kò mọ èyí. Òórùn igi ń dùn mọ́ wọn, wọ́n rò pé ohun tó bá ti inú igbó wá kò lè pa èèyàn lára.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́sàn-án, nígbà tí iná kò sí, kí ẹ sì mú ọmọ náà dání. Tí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ bi ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá àdúgbò yín wà lára ibi tí òfin ti ká èéfín lọ́wọ́ kò. Tó bá wà níbẹ̀, wọ́n lè bu ìtanràn 175 sí 300 pọ́n-ùn lé onílé tí èéfín ń tú jáde lórí ilé rẹ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò. Láìsí àkọsílẹ̀, lẹ́tà yín á kàn wà nílẹ̀ ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ń ṣe àsọdùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ella Adoo-Kissi-Debrah nígbà tó kú ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ìtòsí South Circular, ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀ ní Lewisham, London, ni wọ́n ń gbé. Rosamund, ìyá rẹ̀, kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí sí pé ikọ́ fée ló pa ọmọ òun. Ó jà títí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú fi sọ ọ́ gbangba pé ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ sí ikú ọmọ náà. Kò tíì sí ẹni tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún rí ní Britain. Ìyá kan ló ṣe é.

Ibi tí mo ti bínú sí ìjọba rèé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé PM2.5 kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, tí a bá ṣírò rẹ̀ fún odidi ọdún. 10 ni England fi ṣe àfojúsùn, ọdún 2040 ni wọ́n sì fi ọjọ́ sí. Ọmọ ọdún méje kò lè dúró de 2040 kó tó mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń sọ fún wa pé igi gbígbìn dára. Iṣẹ́ gbé mi lọ sí òkè Scotland lóṣù tó kọjá, mo sì rí ibi tí wọ́n ti gé igi lọ bẹẹrẹ, tí wọ́n tún ń dí àwọn kòtò tó gba àárín wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ ìdáàbòbò àyíká ni. Ìjọba yìí náà ló sì ń fowó ran ẹni tó bá gbin igi lọ́wọ́! Èwo ni ká gbà gbọ́? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Birmingham)

Méjèèjì, àbúrò mi. Igi dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi í pé orí kí ló dúró lé.

Orí píìtì ni àwọn igi tí o rí yẹn dúró lé. Píìtì ni erùpẹ̀ dúdú inú àbàtà ilẹ̀ olótùútù. Ewéko kú sínú omi, afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ráyè jẹrà, òmíràn kú lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ló ń ga. Nǹkan bíi mílímítà kan ló ń fi ga lọ́dún kan. Gbogbo ilẹ̀ píìtì tó wà láyé kò ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé lọ, síbẹ̀ kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì èyí tó wà lára igi gbogbo igbó ayé lọ.

Ìwé kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ èyí. Mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà òtútù mẹ́rin ní Bleaklow, òkè gbalasa tó wà láàárín Manchester àti Sheffield. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀gá wa gbé ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tì í wọlẹ̀. Ọ̀pá ń lọ wọ́rọ́wọ́, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Wọ́n so ọ̀pá kejì mọ́ ọn, ó tún ń lọ. Nígbà tó kan òkúta nísàlẹ̀, tí mo gbọ́ ọ ní ọrùn ọwọ́ mi, ó ti tó mítà mẹ́ta. Ọ̀gá wa ní kí n ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta! Mo fa ọ̀pá yọ, ẹrẹ̀ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, fọ́nrán ewéko ṣì wà nínú rẹ̀ tí mo lè fi èékánná yọ. Mo dúró síbẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀.

Irú ilẹ̀ yẹn ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí ní Scotland. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ẹ̀dínwó owó orí wà fún olówó tó bá gbin igi, ibi tí ilẹ̀ sì ti pọ̀ jù ni wọ́n lọ: Flow Country, ní Caithness àti Sutherland. Kòtò ni wọ́n fi fa omi inú àbàtà kúrò kí igi Sitka spruce àti lodgepole pine tó wá láti Amẹ́ríkà lè rí ẹsẹ̀ dúró. Omi lọ, afẹ́fẹ́ wọlé, ohun tó ti wà láìjẹrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Lórúkọ igi gbígbìn ni o! Ní 1988, Nigel Lawson, mínísítà ìṣúná nígbà náà, fòpin sí ẹ̀dínwó yẹn. Ní 1995, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ, ra ilẹ̀ ní Forsinard níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́lẹ́ tí o fi ojú ara rẹ rí: gé igi, dí kòtò, jẹ́ kí omi padà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, UNESCO kọ Flow Country mọ́ àwọn ogún àgbáyé.

Nítorí náà, ìlànà igi gbígbìn ní Britain kò fàyè gba igbó tuntun lórí píìtì tó bá jìn ju 50 sẹ̀ntímítà lọ. Ibòmíì ṣì pọ̀. England fẹ́ kí igi bo ìdá 16.5 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ tó bá di 2050, mo sì ti iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn tọkàntọkàn: etí odò, ẹ̀bá ọ̀nà, oko tí kò mú èrè wá mọ́. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ ki ọ̀pá bọlẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìyókù, torí òun ló so lẹ́tà tìrẹ mọ́ ti ìyá tó kọ̀wé láti Leeds. Ewéko tó ń kọ́ píìtì ni Sphagnum. Kò ní gbòǹgbò, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, omi tó ń gbé dúró sì lè tó ìlọ́po ogún ìwọ̀n ara rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Fún un báyìí, omi á máa ṣàn gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Òjò àti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jẹ. Ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́, Sphagnum á jẹ ẹ́. Èéfín èédú láti Manchester àti àwọn ìlú ilé-iṣẹ́ yòókù, pẹ̀lú imí ọjọ́ inú rẹ̀, rọ̀ lé Bleaklow lórí fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, gbogbo Sphagnum orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ilẹ̀ wà níhòòhò, òjò ń wọ́ ọ lọ, ìṣàn omi la á títí ọ̀gbàrá fi jìn ju èèyàn lọ. Píìtì tó gbẹ bẹ́ẹ̀ ń jó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, iná mú Saddleworth Moor, kò jìnnà sí wa. Wọ́n ní láti pe àwọn ọmọ ogun. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni iná náà ń gbà lọ, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn ìlú tó wà lábẹ́ òkè, ẹnu àwọn ọmọ bíi ti ìyá yẹn ló sì ń gbà wọlé.

Ìdí iṣẹ́ wa nìyẹn: gbígbé òkúta dí ọ̀gbàrá, títẹ́ ẹ̀ka ewéko sórí ilẹ̀ tó wà níhòòhò, kíkúnlẹ̀ nínú òtútù kí a máa fi ọwọ́ gbin Sphagnum ní ìdì kékeré, kò tóbi ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ó sì ń yè. Mọ ìdí tó fi ń yè: lẹ́yìn tí kùrukùru èéfín pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní London ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, wọ́n ṣe òfin afẹ́fẹ́ ti 1956. Kò sí ẹni tó ní àbàtà lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Síbẹ̀, bí òfin yẹn àti àwọn tó tẹ̀ lé e kò bá fọ imí ọjọ́ kúrò nínú afẹ́fẹ́, asán ni à bá máa gbìn.

Ní ti àwọn tó ń dìídì sun orí òkè nítorí ẹyẹ grouse tí wọ́n ń yìnbọn fún, òfin ọdún 2021 ní kí wọ́n má sun píìtì tó jìn ju 40 sẹ̀ntímítà lọ láwọn ibi tí wọ́n dáàbò bò jù, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ní 2025, wọ́n dín in sí 30, wọ́n sì mú ilẹ̀ tí òfin náà kàn gbòòrò sí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń gbin òdòdó sínú ìkòkò. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba ti de ilẹ̀ inú àpò tó ní píìtì? Èyí tí kò ní píìtì tí mo rà ń pa òdòdó mi. Kí ni kí n ṣe sí àpò ti tẹ́lẹ̀ tó kù ní ìdajì? (Olùkàwé wa, Kent)

Rárá, ẹ̀jẹ́ nìkan ni. Ní 2011, ìjọba rọ àwọn olùtajà láti fi píìtì sílẹ̀ kó tó di 2020. Wọn kò fi í sílẹ̀ tán. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ìjọba sọ pé òun á fòfin de títà á fún àwọn tó ń dáko sẹ́yìnkùlé ní England kó tó di ìparí 2024. Ọdún 2024 ti kọjá, òfin náà kò dé. Ẹ máa wá «peat-free» lára àpò. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí wọ́n kàn ya ewé tútù sára rẹ̀, ẹ dá a padà.

Omi ló ṣeé ṣe kó pa òdòdó yín. Orí ilẹ̀ tí kò ní píìtì máa ń tètè gbẹ nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ẹ ó rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ ó sì bomi pa á. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ títí dé oríkèé kejì kí ẹ tó bomi rin ín, kí ẹ sì fún un ní ajílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín.

Ìdajì àpò yẹn, ẹ lò ó, ẹ má dà á nù. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ nílẹ̀, kò lè padà síbẹ̀ mọ́.