Rọ́bà tí a fi ń ta gìláídà: má rà á torí pé ó nípọn

Àbúrò mi, alẹ́ àná ni mo rí ìbéèrè tí o kọ láti Ọ̀fà. O ní gìláídà rẹ, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní ẹ́ńjìnì tí à ń fi rọ́bà ta sókè bíi ti kànnàkànnà, wọn kílò 1.5, ìyẹ́ rẹ̀ tó mítà 2, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá rọ́bà onímílímítà 9 ni kí o rà tàbí ti 12. O tún ní ẹ́ńjíníà kan sọ fún ọ pé rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́, kí o ṣáà mú èyí tó nípọn jù. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjíníà yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló tì mí sínú wàhálà ní Ìlọrin níbí.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta nǹkan ìkọ́lé ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọlọ́jà ní latex, ìyẹn rọ́bà oje igi, ni. Irọ́ ni. Ọ̀rá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń fa bẹntiróòlù: mo fà á, ó gùn, kò sì padà sí bó ṣe wà. Mo wá gé tíúbù kẹ̀kẹ́. Ìyẹn padà, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń padà, kò lágbára àtita nǹkan. Èyí tó ti inú oje igi rọ́bà wá, tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń so apá kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, òun ló ń na tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀, tó sì ń dá agbára yẹn padà.

Mo rí ojúlówó rà láti òkè òkun. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé irú ohun èlò ìṣègùn tó jẹ́. Mo kọ lẹ́tà, mo lọ, mo bọ̀, lábẹ́ páànù gbígbóná ló sì wà ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, èmi náà fi kọ́ ìṣó lẹ́yìnkùlé. Oòrùn pa á, ọyẹ́ fẹ́ sí i láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì. Oòrùn, ooru àti epo ló ń ba rọ́bà yìí jẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ po láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lọ́jọ́ tí mo tú u ní pápá ni, ǹ bá ti rí i: ó ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ètè ẹni tí kò fi òrí pa á nínú ọyẹ́. Mi ò wò ó. Mo so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ èèkàn tí mo rì mọ́lẹ̀, mo so okùn náílọ́ǹ tín-ín-rín mọ́ ẹnu kejì ní tààrà, okùn sì ń gé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14, dúró ti èèkàn, ó ní òun á máa ṣọ́ ọ kó má baà tu. Mo fi gìláídà kọ́ okùn, mo fà á sẹ́yìn títí rọ́bà fi le. Ó já níbi tí okùn ti mú rọ́bà. Mo gbọ́ "pàá", mo sì gbọ́ igbe. Rọ́bà ti sáré padà sídìí èèkàn, ó nà án lábẹ́ ojú ọ̀tún. Bó bá ga sí i díẹ̀, ẹyinjú ni ì bá bà. Ọ̀sẹ̀ méjì lojú yẹn fi wú. Dókítà kò tíì wo ojú ọmọ tó ti ń bi mí pé kí làgbàlagbà ń fi ohun ìṣeré ṣe. Kò béèrè bí rọ́bà ṣe já.

Jọ̀ọ́, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró nídìí èèkàn, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Kí èèkàn jẹ́ irin, kó wọlẹ̀ dáadáa. Ki igi kékeré tí o ti fá kunná bọ ẹnu rọ́bà, kí o wá fi okùn rírọ̀ dì í lórí igi náà. Bí o bá ṣe tán, wọ́n pọ́dà ọmọdé sí i lára, ká a sínú nǹkan tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, gbé e sí yàrá. Fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí o tó tún lò ó.

Bí rọ́bà ṣe tóbi tó lójú kọ́ ló ń sọ agbára rẹ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe ki tó yí ihò inú ká ni. Ti 12 tí ihò rẹ̀ jẹ́ 6 le ju ti 12 tí ihò rẹ̀ jẹ́ 8 lọ. Gígùn kò fi kún agbára, ó kàn ń jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu fífà ni. Ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ìwúwo gìláídà ni mo máa ń fẹ́ kó fà, ìyẹn kílò 4.5 sí 6 fún tìrẹ. Mú mítà 1, fi kọ́ ìwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò, fà á di mítà 3, kí o ka ohun tó bá sọ. Ti 9 tí ihò rẹ̀ jẹ́ 5 ló yẹ kó bá ọ mu. Ti 12 oníhò 6 lè ṣẹ́ ìyẹ́ yẹn.

Mítà 30 rọ́bà, okùn bíi mítà 100, aṣọ kékeré tó ń ṣí bí agboòrùn lórí okùn, ìkọ́ síwájú díẹ̀ sí ibi tí gìláídà ti ń dúró lórí ìka láìtẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn: ìyẹn o ti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá wá sí Ìlọrin, má ta á níhà ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tí pápákọ̀ òfurufú wà. Bí àwọn darandaran bá sì ń kọjá, kọ́kọ́ ká okùn kúrò nílẹ̀, torí màlúù kì í rí i nínú koríko.

Kí o tó sanwó, fi fọ́tò ẹnu rọ́bà náà níbi tí wọ́n gé e ránṣẹ́ sí mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ara rẹ̀.