Gẹ́tò kì í ṣe orúkọ àdúgbò tálákà

Ẹ bèèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín gẹ́tò, favela àti slum, torí ẹnì kan ti sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ibi tí tálákà pọ̀ sí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àlàyé ọ̀lẹ nìyẹn. Òṣì kọ́ ló bí gẹ́tò, òfin ni.

Fẹ́nísì ní ilẹ̀ Ítálì ló ti wá. Lóṣù kẹta ọdún 1516, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn Júù kó lọ sí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà tẹ́lẹ̀. Ibi ìyọ́-bàbà yẹn, “geto” lédè wọn, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó di orúkọ. Bílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ti ibodè pa, ẹ̀ṣọ́ á dúró tì í, àwọn tí wọ́n há mọ́ inú rẹ̀ náà ló sì ń sanwó ẹ̀ṣọ́! Owó ilé wọn tún fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Nígbà tí èrò pọ̀, tí kò sílẹ̀ tí wọ́n lè fẹ̀ sí, wọ́n ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àjà sì rẹlẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, oníṣègùn àti oníṣòwò ńlá wà láàárín wọn. Ṣé tálákà nìyẹn? Ọdún 1797, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé, dé, ni wọ́n tó wó ilẹ̀kùn ibodè náà.

Ti Amẹ́ríkà kò yàtọ̀: ìwé ilẹ̀ ló ń kọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ tà á fún aláwọ̀ dúdú, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi ní lọ́dún 1948 pé ilé ẹjọ́ kankan kò lè fi agbára mú un ṣẹ.

Favela kò gba àlàyé púpọ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni ní Bràsíìlì. Àwọn sójà tó ti ogun abẹ́lé Canudos ní Bràsíìlì dé lọ́dún 1897 ló sọ òkè tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Rio de Janeiro lórúkọ rẹ̀, kó tó wá di orúkọ gbogbo irú àdúgbò tí èèyàn fúnra wọn kọ́ bẹ́ẹ̀.

Slum ní tirẹ̀, ilé ló ń sọ. Ohun márùn-ún ni UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ń wò: omi tó dára, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yàrá tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ilé tó lágbára, àti ìdánilójú pé wọn ò ní ṣàdédé lé èèyàn jáde. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ó di slum. Ẹ kíyè sí i pé owó tó ń wọlé fún wọn kò sí níbẹ̀.

Torí náà, bó bá jẹ́ àìlówó lẹ ń sọ, àdúgbò mẹ̀kúnnù ti tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì fi ìgbèríko túmọ̀ slum bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń ṣe. Oko àti abúlé nìyẹn.