Ère Táyé tí ìyá yín fi sílẹ̀

Ẹ̀yin Ọmọ-ọmọ Kẹ́hìndé, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá.

Ẹ kọ̀wé pé ère ìbejì kan ni ìyá yín fà lé yín lọ́wọ́ kí wọ́n tó sùn, èyí tí wọ́n gbẹ́ fún Táyé, ìkejì Kẹ́hìndé ìyá-ìyá yín, Táyé tó kú ní ìkókó. Ọkọ yín ní òrìṣà ò ní wọ ilé òun, kẹ́ ẹ dáná sun ún. Àbúrò yín ọkùnrin ti mú oníbàárà kan wá, ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sókè òkun. Ẹ wá ní ta ni kẹ́ ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn o.

Ti àbúrò yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè gbé yín dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ ní wọ́n ti bí ìyá-ìyá yín kí ojú irin tó dé Ìbàdàn, ọdún 1901 sì ni wọ́n ṣí ojú irin yẹn; a jẹ́ pé ère yìí á ti wà ṣáájú 1918. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1979 lórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn ta iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 fún ẹni tó bá wù ú. Àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí aṣojú tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ. Oníbàárà tó ń wá lálẹ́ yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju àbúrò yín lọ.

Ti ọkọ yín gba sùúrù. Ẹ má purọ́ fún un: àwọn ìyá wa bọ ìbejì lóòótọ́. Wọ́n ń wẹ ère náà, wọ́n ń fi osùn pa á lára, wọ́n ń fi aró kun irun rẹ̀, wọ́n ń se ẹ̀wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e síwájú rẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ wò ó. Ìkókó ló kú, síbẹ̀ ara àgbàlagbà, tọmú tọmú, ni agbẹ́gilére gbẹ́ fún un. Ẹ ní imú àti ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ọwọ́ ìyá tó ń wẹ̀ ẹ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyá tí kò ní fọ́tò ọmọ rẹ̀, tí Kẹ́hìndé sì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. N ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn tọ́jú ohun tí ìyá ẹni fi ṣìpẹ̀ fún ara rẹ̀.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ má lọ gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tó bá rí i, ilé ò ní gbà yín. Ẹ gbé e fún àbúrò ìyá yín tẹ́ ẹ ní ó ṣì wà láyé. Ohun ìdílé ni, kì í ṣe tiyín nìkan. Bí ìdílé bá fẹnu kò, ẹ lè kàn sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, n'Ìbàdàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ dì í sí, kó má bàa bu. Aṣọ òwú funfun ni kẹ́ ẹ fi wé e, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ikán ò lè dé. Ẹ má fi ọṣẹ àti kànìnkànìn kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà kankan fi fáníìṣì kùn ún.

Lẹ́tà yín gùn, mo kà á tán, ṣùgbọ́n ẹ ò dárúkọ ìyá tó bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ lọ bi àbúrò ìyá yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi sínú aṣọ náà.