Ṣé mo lè pín ORS sí méjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, apòògùn. Ọmọ mi, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ń ya ìgbẹ́ gbuuru. ORS tí wọ́n fún mi, lẹ́búlẹ́bú oníyọ̀ àti ṣúgà yẹn, inú omi lítà kan ni wọ́n ní kí n pò ó sí. Kò mu ju ife kan lọ, mo da ìyókù nù. Ṣé mo lè pín lẹ́búlẹ́bú náà sí méjì? Àwọn tó ń ṣe é gan-an, ṣé wọn kì í bi ìyá ọmọ léèrè ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pín in. Ojú ò lè mọ ìdajì rẹ̀, bí iyọ̀ bá sì pọ̀ ju omi lọ, ewu ni fún ọmọ. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n kọ 50cl sí lára, méjì rẹ̀ ni lítà kan. Ẹ po gbogbo rẹ̀, ẹ dé e, ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀: mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ da ìyókù nù. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kíá.

Ìbéèrè yín kejì ló dùn mọ́ mi jù. Ohun tó ṣe yín yìí náà ló ṣe àwọn ìyá ní Zambia. Àjọ ColaLife, tí Simon àti Jane Berry dá sílẹ̀, fẹ́ kí ORS àti zinc, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbẹ́ gbuuru, dé abúlé. Wọ́n ní kóòkì ń dé ibi tí oògùn kì í dé, kí àwọn ṣáà máa ki oògùn sáàárín ìgò inú kéréètì. Wọ́n wá bi àwọn ìyá léèrè. Lítà kan pọ̀ jù fún ọmọ, àwọn ìyá ò sì ní ohun tí wọ́n lè fi wọn omi tó bẹ́ẹ̀. Bí Kit Yamoyo, ìdì ORS àti zinc tí wọ́n ṣe, ṣe di àpò kéékèèké oní-mílílítà 200 nìyẹn, tí ike tí wọ́n kó o sí sì di ife tí wọ́n fi ń wọn omi, tí ọmọ tún fi ń mu ún.

Kéréètì kóòkì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onísọ́ọ̀bù ò tilẹ̀ ki oògùn náà sínú ẹ̀. Wọ́n kàn ń dì í mọ́ ẹrù tí wọ́n rà bọ̀ láti ìlú, torí pé ó ń tà. Ọgbọ́n tí gbogbo ayé ń yìn gan-an ni àwọn tó ń lo nǹkan náà pa tì!

ORS inú àpò yín pàápàá, ẹnu àwọn ìyá wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń ṣàròyé tipẹ́ pé kì í dín ìgbẹ́ kù. Lọ́dún 2002, WHO àti UNICEF fọwọ́ sí èyí tí iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ dín kù, tó ń dín ìgbẹ́ àti èébì kù. Zinc tẹ̀ lé e ní 2004: ọjọ́ 10 sí 14, bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ ti dá.

Tí ẹ bá padà síbi tí ẹ ti gbà á, ẹ béèrè àpò kékeré. Bí wọn ò bá ní, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ fún wọn, kí ẹ sì sọ fún ìyá tó jókòó tì yín kóun náà béèrè.