Ṣé bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń mú ọjọ́ Diwali?

Ẹni tó béèrè ìdí tí Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, fi ń yí ọjọ́ lọ́dọọdún, ẹ má dá ẹni tó ní "òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé bíi ti Mùsùlùmí" lóhùn. Ẹ̀yin ti rí i kí Diwali bọ́ sí oṣù kẹrin rí? Iléyá ń yí gbogbo ọdún ká, torí oṣù òṣùpá méjìlá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 354 lọ. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi máa ń ki odindi oṣù kan bọ àwọn ọdún kan kí oòrùn má baà fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́dún 2023, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe oṣù Shravana.

Tithi gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, òun la kì í gbọ́ kí wọ́n dárúkọ. Nígbàkigbà tí òṣùpá bá fi dígírì 12 kún bó ṣe jìnnà sí oòrùn, tithi kan ti pé nìyẹn. 30 ló wà nínú oṣù. Ìrìn òṣùpá kì í dọ́gba, nítorí náà tithi lè gba wákàtí 19, ó sì lè gba 26. Èyí tí oòrùn bá yọ bá ló ni ọjọ́.

Mo bá àwọn ará Gujarat, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ìlúpéjú. Panchang, kàlẹ́ńdà wọn, ń rọ̀ lára ògiri, aago tí tithi máa parí sì wà lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Aago Íńdíà ni. Bàbá tó ń ṣírò owó wa á mú bírò, á yọ wákàtí mẹ́rin àbọ̀ kúrò. Bí tithi kẹjọ bá parí láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Mumbai, ìkẹjọ ló ni ọjọ́ lọ́hùn-ún. L'Ékòó, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni, oòrùn ò tíì yọ. Ìkẹsàn-án ló ni tiwa. Àwọn ọmọ wọn ò mọ ìṣirò yìí mọ́, fóònù ni wọ́n ń bi. Mi ò lè bú wọn: mélòó nínú wa ló mọ̀ bóyá òní ni ọjọ́ Jàkúta?

Ti ìràwọ̀ 27, yoga (kì í ṣe ti eré ìdárayá o) àti karana, tí wọ́n tún wà nínú Panchang, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ní ti Diwali, alẹ́ ni wọ́n ń tan fìtílà, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìgbà tí oòrùn yọ, tithi tí òṣùpá kì í yọ rárá ni wọ́n sì ń wá. Lọ́dún 2024, ọ̀sán ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ló bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀ ló parí. Ni àwọn kan bá ṣe é lọ́jọ́ 31, àwọn mìíràn lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Tọ̀tún tòsì ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti ọdún yìí, Panchang tí wọ́n ṣe fún ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ wò.